Àgbò Tí Mobọ́lájí Gbé Sórí Kòkárí

Táyà ni Mobọ́lájí ń lẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Dayọ̀, àbúrò rẹ̀, ló ń bá a gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn, ìjà ni wọ́n fi gbà á. Àwọn ọmọ gáréèjì da irinṣẹ́ wọn sójú títì, Mobọ́lájí kó o padà. Wọ́n tún dà á, ó tún kó o. Nígbà tí wọ́n tún wá, ó fi irin fọ́ imú ẹnì kan, wọ́n sì la òun náà lójú. Ojú jinná, àpá kù. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n.

Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ní Ìyànà Ìbà, kò jámọ́ nǹkan kan lórí Fesibúùkù. Ó gbé àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀ nínú sùtánà, lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Áńgẹ́lì onítáyà." Gbogbo àwọn tó rí i níbẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Mobọ́lájí wá ibi tí onítọ̀hún ń gbé títí, kó lè lọ fọ́ ẹnu rẹ̀. Kò rí i.

Joshua, ọ̀rẹ́ Dayọ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní Okokomaiko, ló mú ìkànnì kan tó ń jẹ́ Kòkárí wá. Tuntun ni. Àwọn ọmọ kan ló ṣe é, wọ́n ní àwọn máa gba èrò lọ́wọ́ Fesibúùkù.

"Bọ̀ọ̀dá Bọ́lájí," Joshua ní, "ibi tí èrò kún, ta ló máa rí yín? Ẹ tètè dé ibi tí kò tíì kún. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ baálẹ̀ ibẹ̀."

"Ṣé wọn kì í búni níbẹ̀?"

"Ta ló máa bú yín? Èèyàn ò tíì débẹ̀."

Mobọ́lájí rẹ́rìn-ín títí. Táyà tírélà kan ló kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. Àwọn mélòó kan kí i kú iṣẹ́. Ọ̀kan pè é ní ọ̀gá. Lọ́jọ́ náà gan-an ló pa Fesibúùkù rẹ́.

"Gbogbo ará Alaba ṣì wà lórí Fesibúùkù o," Dayọ̀ sọ fún un.

"Kí wọ́n máa gbébẹ̀."

Iléyá kù díẹ̀ nígbà tí àgbò kan já okùn ní ọjà àgbò Alaba Rago. Ó kan ẹni tó fẹ́ mú un nítan, ó gba àárín ọkọ̀ kọjá, ó rìn gbéregbère títí ó fi já sí àgbàlá Mobọ́lájí ní Igbó-Elérin. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìwo rẹ̀. Dayọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a wọ̀yá ìjà kí wọ́n tó rí okùn fi sí i lọ́rùn.

Bùsọ́lá, ìyàwó Mobọ́lájí, jáde láti ilé ìdáná.

"Bàbá Moyin, iwájú ilé lẹ máa so ó mọ́ o. Ẹran tó ṣáko, ìta gbangba ni wọ́n ń so ó sí kí ẹni tó ni ín lè rí i. Ẹni tó bá so ó sẹ́yìn ilé, olè ni. Kí Dayọ̀ sì lọ bá lèmọ́mù, kó fi gbohùngbohùn kéde."

"Iwájú ilé kẹ̀? Nínú Igbó-Elérin yìí? Kó tó di ọ̀sán wọ́n á ti sè é jẹ."

"Ẹ so ó bẹ́ẹ̀ ná."

"Ìyá Moyin, ayé ti kúrò níbẹ̀. Mo máa gbé e sórí Kòkárí."

Ó so àgbò sẹ́yìn ilé, nídìí tánkì omi. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: Ẹran tó ṣáko rèé. Ẹni tó bá ni ín, kó wá sí Igbó-Elérin. Ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i.

Èèyàn dáhùn. Ará Ìbàdàn kan ní Ọlọ́run ti pèsè ẹran Iléyá fún ọmọ ìjọ. Òmíràn ní kí wọ́n fi ṣe súyà. Inú Mobọ́lájí dùn pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Ó fèsì: Ẹ gbé ata wá.

Ẹni tó ni ẹran kò sí níbẹ̀. Fesibúùkù ni Àlájì Ìdírísù, oníṣòwò àgbò ará Ṣakí, wà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alaba Rago. Àwòrán àgbò náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti já, wọ́n ń bẹ ẹni tó bá rí i.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé. Ẹnì kan ló gbọ́ igbe ẹran lẹ́yìnkùlé tó lọ pè wọ́n. Àlájì ṣáájú, àwọn géńdé tẹ̀lé e, kóńdó lọ́wọ́ wọn. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, wọ́n bá àgbò nídìí tánkì.

"Ẹ̀yìn ilé," Àlájì sọ jẹ́ẹ́. "Ẹ̀yìn ilé lo so ó mọ́."

"Àlájì, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Mo ti gbé e sórí Kòkárí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Bíi Fesibúùkù ni. Tuntun ni."

Àlájì bojú wẹ̀yìn. "Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?"

Kò sí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ibi tí kò séèyàn ló ti lọ pariwo. Olè yìí gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó bá ti di ti kóńdó, kì í gbọ́ àlàyé mọ́. Kóńdó àkọ́kọ́ ba Mobọ́lájí létí. Kò ṣubú. Sípánà ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé e, ó fi lu apá ẹni tó na òun. Dayọ̀ gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ká ní Mobọ́lájí mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ ni, bóyá ì bá parí síbẹ̀. Ìyànà Ìbà ò kọ́ ọ.

Wọ́n ya bò ó. Dayọ̀ sáré sí wọn, wọ́n gbá a lulẹ̀, ẹnì kan fi bàtà tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń rí, àti ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Géńdé kan ti ń yí táyà bọ̀ láti iwájú ilé, ó ń bèèrè pẹtiróòlù.

Bùsọ́lá gbé omi gbígbóná jáde, ó dà á sí géńdé náà lẹ́yìn. Ó ké, ó ju táyà sílẹ̀. Bùsọ́lá ti fóònù ọkọ rẹ̀ sí Àlájì lọ́wọ́.

"Ẹ kà á, bàbá. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ kà á."

Àlájì kà á sókè. "Ẹran tó ṣáko rèé. Ẹni tó bá ni ín, kó wá sí Igbó-Elérin." Ó gbé ọwọ́ sókè. Kóńdó dúró. Dayọ̀ mí.

Ẹni tí apá rẹ̀ kán ti ń yọjú wo fóònù léjìká Àlájì.

"Ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. 'Ẹ gbé ata wá.' Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́."

"Eré ni," Bùsọ́lá ní. "Eré ló ń ṣe."

"Apá mi ńkọ́? Ṣé eré lòun náà?"

Ó fi ọwọ́ tó kù gbé sípánà nílẹ̀. Àlájì ní rárá. Sípánà ti dé orí Mobọ́lájí.

Àwọn géńdé fọ́n ká. Àlájì nìkan ló dúró. Òun ló gbé ẹsẹ̀, Dayọ̀ gbé orí, wọ́n tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́ márúwá. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Okokomaiko, Mobọ́lájí ti lọ.

Wọ́n sin ín tán, Dayọ̀ lọ bá Joshua ní ṣọ́ọ̀bù. Joshua rí i lókèèrè, kò sá. Dayọ̀ fọ́ gíláàsì, ó fọ́ fóònù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ojú Joshua.

"Lù mí," Joshua ní. "Ẹnu mi ni mo fi pe Bọ̀ọ̀dá Bọ́lájí sórí Kòkárí."

Dayọ̀ lù ú títí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Joshua tu eyín kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó.

"Ṣó ti tó?"

"Kò tíì tó."

"Jókòó ná, kó o sinmi." Ó fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì sí i.

Dayọ̀ jókòó. Ẹkún tí kò sun létí sàréè, ibẹ̀ ló ti sun ún.