Ìka Tí Wọ́n Tẹ̀lé Wọ Igbó

Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, èyí tí ọkọ́ bà léèékánná jẹ́, òun ni odindi ìlú wa Manigri tẹ̀lé wọ igbó. Nígbà míì tí mo bá ń jẹun, mo máa ń dúró wò ó. N óò ní, "Ìwọ yìí."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí gbogbo ilé wa mọ̀: ojo ni mí. Láti kékeré, ohunkóhun tó bá ti ń dún lókè orí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń dojú bò. Àrá ni o, ọkọ̀ òfuurufú ni o. Mo kàwé díẹ̀, olùkọ́ wa sì ṣàlàyé fún wa pé irin lásán ni ọkọ̀ òfuurufú, pé ènìyàn ló ń wà á. Àlàyé yẹn ló tún wá bà mí lẹ́rù jù. Mo mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń wakọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Iṣẹ́ jórinjórin lọmọ náà ń ṣe, ní ìlú òkèèrè kan létí òkun. Ó rí iṣẹ́ tó sàn jù ní ìlú àwọn Lárúbáwá, ní òdìkejì aṣálẹ̀, ló bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ti wo àwòrán ilẹ̀, òun sì ti rí i pé ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé òun lọ á gba orí wa kọjá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. "Màmá, ẹ bọ́ sójúde kí ẹ juwọ́ sí mi. Ẹ sọ fún Tọ́ntọ́n kó má sá o." Tọ́ntọ́n ni gbogbo ọmọ ilé ń pè mí, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe àbúrò ìyá wọn.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ tuntun, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sójúde. Èmi ní oko kajú ni n óò ti juwọ́ tèmi, pé kò sí òrùlé tó máa dí mi lójú níbẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí ẹni tó máa rí mi níbẹ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Eruku ti bo ojú ọ̀run, oòrùn rí bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mò ń ṣa kajú sínú agbọ̀n nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìró rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń ha bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n gbàgbé láti da àgbàdo sí. Mo da kajú nù, mo dé agbọ̀n mọ́ orí, mo dojú bolẹ̀. Bí mo ṣe juwọ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa dìde, èèrà ti wọ̀ mí létí, ìró náà kò sì sí mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, rédíò ní wọ́n ń wá ọkọ̀ òfuurufú kan tó kó èrò, wọ́n sì dárúkọ ìlú tó ti gbéra àti ìlú tó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sójúde kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo gbọ́, mo sì ti sọ ọ́ nílé. Jandáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, wá láti ìlú Bassila, àwọn àgbà ìlú jókòó, gbogbo ènìyàn yí mi ká. Ọ̀kan nínú àwọn jandáàmù náà bi mí léèrè, "Ọ̀nà ibo ló gbà?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú mi ló sì ń wò. Ẹ sọ fún mi, àgbà ọkùnrin bíi tèmi, ṣé kí n ní orí mi wà nínú agbọ̀n ni? Ọwọ́ mi gbéra fúnra rẹ̀. Ó nà sí ọ̀nà Doguè, níbi tí igbó ńlá wà.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Àgbà kan tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ìwọ lo nawọ́, ìwọ lo pè wá." Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin tò sétí igbó bí ìgbà tí a bá ń roko, kálukú mú poro tirẹ̀, wọ́n ń fi àdá gbá ewé sọ́tùn-ún sósì. A kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wá nǹkan. Àwa ń wá ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni ń wá èpò.

Rédíò ò dákẹ́. Láàárọ̀, wọ́n ní inú òkun ló já sí. Lọ́sàn-án, wọ́n ní inú aṣálẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ìlú ńláńlá ti kó ọkọ̀ ojú omi jáde, owó tí wọ́n ń ná, ẹnu mi ò lè kà á. Àwa ń ná iṣu mi. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, èbù ló kù o."

"Sè é."

"Èbù tí a fẹ́ gbìn?"

"Ṣé mo ní iṣu mìíràn lápò ni?"

Ó lọ bẹ èbù. Lóko kajú mi, àwọn màlúù ti ń bá mi ṣa èyí tó já sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n rí irin. Ariwo sọ láti orí poro kan, gbogbo wa sáré lọ. Irin pẹlẹbẹ ni, ó ti ká, eruku bò ó. Bí mo ṣe rí ọ̀dà àwọ̀ ewé tó wà létí rẹ̀ ni mo dá a mọ̀. Páànù abà mi ni. Ìjì ló ṣí i lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kun ọ̀dà náà. Ẹni tó ti purọ́ ibi tí nǹkan gbà, báwo ló ṣe máa sọ òtítọ́ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀? Èmi náà ni mo jókòó sẹ́yìn alùpùpù, tí mo gbé páànù ara mi dé Bassila.

Èrò pé jọ síwájú ọ́fíìsì. Àwọn ará Bassila ń bá mi kẹ́dùn lédè Anii. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọwọ́ lé àyà, tó tẹrí ba, kò nílò ògbufọ̀. Ọ̀gá kan kọ ọ́ sínú ìwé, ó tẹ fóònù. Kí n tó padà dé Manigri, rédíò ti sọ ọ́: wọ́n ti rí ara ọkọ̀ náà nínú igbó wa. Ojúde ẹ̀gbọ́n mi ti kún. Àwọn obìnrin ti tú irun rẹ̀ fún ọ̀fọ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tó ju ọ̀gá lọ wá wo irin náà, ó sì fi ìka kan ihò tó wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìṣó ló ṣe èyí. Ta ló ń fi ìṣó kan ọkọ̀ òfuurufú?"

A mọ bí a ti ń kí ọlọ́fọ̀. Bí a ti ń gba ìkíni náà padà ni a kò mọ̀. Àwọn ènìyàn á dé ojúde ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á ní, "Ẹ kú…" wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ẹ kú kí ni? Gbogbo nǹkan ayé la ní kíkí fún, ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ̀ bóyá ọmọ òun kú, kò ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò di irun náà padà, kò sì fá a. Ó fi gèlè bò ó. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà Doguè, ibi tí mo nawọ́ sí, ibẹ̀ ló sì ń wò lójoojúmọ́.

Rédíò ti gbàgbé. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ti padà sílé. Òjò bẹ̀rẹ̀, ebè tèmi ṣófo nítorí a ti jẹ èbù. Ìró yẹn kò kúrò létí mi. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta, mo máa ń sá kúrò ládùúgbò. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí i."

"Kí lo ò rí?"

"Ọkọ̀ yẹn. Agbọ̀n wà lórí mi. Mi ò mọ ibi tó gbà. Páànù yẹn náà, ti abà mi ni."

Kò dáwọ́ dúró. "Ti páànù, mi ò mọ̀ ọ́n. Ti agbọ̀n, mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ń fà ọ́ jáde lábẹ́ ibùsùn bí àrá bá dákẹ́? Ṣé irùngbọ̀n ló sọ ọ́ di akọni ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi jẹ́ kí wọ́n wọ igbó lọ?"

Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. "Bí o ò bá nawọ́, gbogbo ọ̀run ni ǹ bá máa wò. Ọrùn mi ò lè gbé e."

Ó dìde, ó ti àpótí náà sí mi. "Ó dáa, o ti jẹ́wọ́. Bá mi yí i."

"Ká yí i sí ibo?"

"Ìwọ ni mo ń bi."

Mo di àpótí náà mú. Mo wo ọ̀nà Bassila, mo wo ẹ̀yìn ilé, mo wo òkè. Ìka mi kò gbéra. Mo gbé àpótí náà sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì jókòó padà.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá, mo máa ń dúró. N óò di igi kajú mú pinpin, ṣùgbọ́n n óò gbójú sókè, n óò máa wò ó títí tó fi kéré ju kóró kajú lọ. Bí mo bá wọlé, ẹ̀gbọ́n mi á bi mí láti orí àpótí rẹ̀, kò ní yíjú.

"Ibo ni tòní gbà?"

Mo máa ń sọ ibi tó gbà gan-an fún un. Á ní, "O ṣeun," á sì máa wo ọ̀nà Doguè lọ.