Satẹ́láìtì Tó Fẹ́ Já Lu Ọjà Agboju

Ọdún 1978 ni, tàbí 1979. Mi ò lè búra. Ohun tó dá mi lójú ni pé àwa ọ̀dọ́ ẹnjiníà mẹ́rin máa ń péjọ ní ọ̀sán Sátidé sí ilé ọ̀gá wa ní Festac, níbi tó ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò ọ̀nà tí satẹ́láìtì ń gbà yí ayé ká. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni ọ̀gá lè kọ lẹ́tà fún láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i lókè òkun, gbogbo wa la sì fojú sí lẹ́tà yẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó. Mo rí i. Mo sì rọra da àṣìṣe náà kọ, nítorí a kì í wí fún àgbà pé ó ṣì í.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa ló kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọpọlọ tèmi ni kò jí. Mo ṣírò ó títí, satẹ́láìtì mi ṣáà ń já lu ọjà Agboju ẹ̀gbẹ́ wa níbí."

Ọ̀gá wo pátákó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pa á rẹ́. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ò rí i ni?"

"Mo rí i, sà. Ọ̀wọ̀ ni mo fi dákẹ́."

"Ọ̀wọ̀ rẹ ì bá ti pa gbogbo aláta Agboju!"

Ọmọbìnrin náà ló gba lẹ́tà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi bí ẹni pé èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ ti sọ ìkúnlẹ̀ di ìdọ̀bálẹ̀, kí ó lè bá mi mu.