Ìṣó Inú Wààkyé Ìyá Ọkọ Mi

Láti oṣù méjì tí mo ti délé ọkọ, òní ni mo kọ́kọ́ lanu ráhùn, ẹ̀wà aláìṣẹ̀ ni mo sì purọ́ mọ́.

Mo ń jẹ wààkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀ àwọn ará Gánà, tí ìyá ọkọ mi sè, ni mo bá rí ìṣó tíńtín kan. Mo rọra ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ìṣó wà nínú ẹ̀wà yín."

Wọ́n ní, "Ei, Ìyàwó. Ẹlẹ́wà ọjà Asafo yẹn á gbọ́ mi lónìí." Wọ́n di ìṣó mọ́ etí ìborùn, wọ́n jáde.

Kò pẹ́ tí ahọ́n mi fi kan ihò lérìgì. Ìṣó tí dókítà eyín yí mọ́ eegun àgbọ̀n mi, kó lè máa fa wáyà tó ń to eyín mi, ló yọ. Mi ò dá a mọ̀, inú ẹnu ló ṣáà ń gbé.

Mo sáré lọ bá dókítà. Ó ní, "Eegun ibẹ̀ ló rọ̀, kò dì í mú dáadáa. Ibi tó ki la máa yí òmíràn sí. Ṣé kò ti ń mì tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó ti ń mì láti ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún un.

Nígbà tí mo délé, Ìyá ti gba ẹ̀wà tó kún agolo ìwọ̀n ọlọ́ńkà kan bọ̀, ẹlẹ́wà ló fi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyàwó mi, mo rò pé o ò ní bá mi sọ̀rọ̀ láéláé ni. Máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀wà ẹ̀bẹ̀ náà ti ń hó lórí iná báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ṣé kí n jẹ́wọ́ kó tó jinná, àbí ká jẹ ẹ́ tán ná?