Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Lọ sí Savalou Dípò Mi

Mo ṣì wà ní kékeré, eyín iwájú mi kò tíì hù padà, nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní Bantè. Rámátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: káàkí tó le bíi pátákó, ẹ̀wà àti gààrí lásìkò ìsinmi, àti egungun tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé. Ọrùn mi ni egungun yẹn fi ṣelé. Rámátù kò so ó rí. Ó ń sọ Faransé bí ẹni ń jẹ ìrèké.

Télọ̀ ni bàbá wa. Ọmọ pọ̀, iṣẹ́ ò tó. Nígbà tí ọlidé ọdún kan ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Savalou, ó ní òun á mú mi sọ́dọ̀, òun á fi mí sí ilé-ìwé àwọn fadá. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n bàbá ní ìwé ò ní ẹ̀sìn. Èmi gun igi kajú lọ, mo di ẹ̀ka mú, mo sunkún títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Ìyá mi ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ọmọ ọmú ṣì ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá kì í tọrọ ọmọ kó padà lọ́wọ́ òfo. Bàbá ní, "Rámátù, di ẹrù ẹ."

Ó béèrè bóyá òun á rí ilé-ìwé lọ níbẹ̀.

"Ilé-ìwé ò sá lọ," ni ẹ̀gbọ́n bàbá wí.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ó ní ọkùnrin lòun ṣètò ilé-ìwé fún, kí obìnrin kọ́kọ́ mọ ọjà tà. Ó gbé Rámátù jókòó létí títì pẹ̀lú àwọn ìgò èsáǹsì, epo mọ́tò tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà.

Rámátù wá bá wa ṣe Iléyá. Ìyá mi fi ọṣẹ dúdú fọ orí rẹ̀ títí, òórùn epo náà ò lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń rùn bíi mọ́tò."

"Wá gùn mí, kí n gbé ẹ dé Agoua."

Lẹ́yìn náà ló mú ìwé mi, ó ka ojú ewé tó ti ń dà mí láàmú, kò ṣì í kà rárá. Ẹsẹ̀ bàbá dúró lórí máṣíìnì. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí n lọ dípò rẹ̀, wọn á gbà. Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wọ mọ́tò padà sí Savalou.

Èmi tí wọ́n fi sílẹ̀, mi ò kúkú yege ìdánwò àṣejáde. Abẹ́rẹ́ bàbá ni mo gbà.

Láyé ìgbà tiwa, ilé ló ń yan ẹni tí yóò kàwé, wọn kì í wo orí ọmọ. Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èmi ni mò ń rán káàkí wọn. Rámátù ṣì ń tajà ní Savalou. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á ní, "Ọmọdé ni ẹ́ nígbà yẹn, fi sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọmọdé lòun náà.