Yẹ́ẹ̀sì Mà Ẹ̀ẹ̀mejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà ní yunifásítì. Òun náà ni mo kà, mo sì yege. Ẹni tó kọ́ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bi léèrè.

Ọmọ Èkìtì ni olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dún lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn. Ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n fi gbé ohùn àwọn Òyìnbó sí wa létí: ti Lọ́ńdọ̀nù, ti Amẹ́ríkà, ti Sikọ́tíláǹdì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iná bá wà, ẹ̀rọ á ti bàjẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ṣe, iná á ti lọ. Olùkọ́ wa á bá ka ìwé náà fún wa fúnra wọn. Wọ́n á ka ti ọkùnrin, wọ́n á sọ ohùn di tín-ín-rín ka ti obìnrin, wọ́n á ní, "Báyìí ni ará Sikọ́tíláǹdì ṣe ń sọ̀rọ̀ o." Ará Sikọ́tíláǹdì wo? Adó-Èkìtì ni gbogbo wọn ti wá! A rẹ́rìn-ín títí, gbogbo wa la sì gba máàkì gidi. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún tí mo ṣe tán, iléèwé kan ní Sikọ́tíláǹdì ń wá ẹni tó máa fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n mú mi. Ó ku kí wọ́n pè mí lórí fóònù, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Aránṣọ ni ìyá mi, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ọ̀fà níbí, lójú ọ̀nà Ìjagbó. Orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gba ààwẹ̀ nítorí mi. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n jókòó tì mí nígbà tí fóònù dún.

Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yí gbirigbiri bí ẹ̀wà gbígbẹ nínú páànù. Mo gbọ́ orúkọ mi. Mo gbọ́ oṣù kẹsàn-án. Ìyókù, háà! Mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó rọra tún un sọ, kò yàtọ̀. Ìyá mi ń wò mí lẹ́nu. Nílé wa, bí àgbà bá ti tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì, àfojúdi ni kí ọmọ tún ní òun ò gbọ́. Mo bá ní, "Yẹ́ẹ̀sì mà."

Ó tún bi mí ní nǹkan, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Mo tún ní, "Yẹ́ẹ̀sì mà." Ó dúpẹ́, ó ní ó dàbọ̀. Ìyẹn yé mi kedere.

"Kí ni wọ́n wí?" Ìyá mi ló bi mí.

"Wọ́n dúpẹ́, Màámi."

"Alihamudulilahi!"

Lọ́jọ́ kẹta, ímeèlì wọn dé. Kíkà ò ni mí lára, gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Wọ́n ní àwọn bi mí bóyá ìdíwọ́ kan wà tí kò ní jẹ́ kí n lè wá lóṣù kẹsàn-án, mo ní ó wà. Àwọn bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Mo kọ̀wé padà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀ bí ẹni máa kú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Mo ní mi ò gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń sọ ni. Wọ́n wò mí títí. Odindi ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ránṣọ kí n lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Etí wọn ni mo sì ṣe dá obìnrin náà lóhùn, ẹ̀ẹ̀mejì, ketekete. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà pé mi ò gbọ́? Wọ́n fọwọ́ pa orúnkún wọn.

"Ọmọ mi, èmi lo torí ẹ̀ kọ̀ ọ́, àbí?"

Mo ní rárá. Mo fi Ọlọ́run búra. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kì í jẹ́ kí n bá wọn tẹ ẹ̀rọ mọ́.