Ohùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sínú Kòtò

N ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi kì í fi í kọ lẹ́tà sí mi nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sójú ogun ní Làìbéríà. Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí. Bí sójà kan bá gba ìsinmi wálé, á bá a mú un dé bárékè ní Òjó, wọn á ránṣẹ́ pè mí ní Okokomaiko níbi tí mo ti ń ta kẹrosíìnì. Èmi náà á sọ tèmi sínú òmíràn, ẹni tó ń padà lọ á mú un dání. Àdúgbò kan náà ní Òkè-Ògùn la ti dàgbà, ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀, kò sóhun tí a kì í bá ara wa sọ.

Inú kòtò ni wọ́n ń gbé. Kì í ṣe pé wọ́n ń sá wọ ibẹ̀ tí ìbọn bá dún o, ibẹ̀ gan-an nilé. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó gùn lọ rẹrẹẹrẹ, ó jìn dé èjìká, ẹni tó bá ga, bíbẹ̀rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ rìn. Ó ní òjò ibẹ̀ kì í dá. Omi á mù wọ́n dé orúnkún, wọn á máa fi agolo mílíìkì gbọ́n ọn, òmíràn á tún máa sun jáde lára ògiri. Ìjókòó ni wọ́n ń sùn, wọn á fẹ̀yìn ti ara wọn ní méjì-méjì. Bàtà kì í kúrò lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tó bọ́ tiẹ̀, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ bá ìbọ̀sẹ̀ lọ. Gàrí tí wọ́n bá rí, omi òjò ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Tí inú bá sì ń run ẹnikẹ́ni, inú agolo náà ni, wọn á jù ú síta, wọn á wá máa bẹ Ọlọ́run kí atẹ́gùn má dá a padà. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́. Mo máa ń gbọ́ àwọn tó kù lẹ́yìn ẹ̀.

"Sọ fún ìyàwó ẹ pé o ti sanra."

"Irọ́ ni, ìyàwó wa. Ó ti gbẹ bíi pánla."

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá ọkọ mi ń gbé, àwọn náà sì máa ń ṣàdúrà fún un sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú wọn lọ. A gbé wọn lọ sílé ní Òkè-Ògùn, a sin wọ́n, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá pe gbogbo wa jọ.

"A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ogun," ni wọ́n wí. "Tí ọkàn ẹ̀ bá kúrò níbi tó wà, ìbọn á bá a. Ẹ jẹ́ kó dé ná."

Mo gbà. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí níbi tí wọ́n ti bí wa tí kò ní gbà. Mo wá ń sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì pé ìyá ń kí i. Àfi bí èyí tó tẹ̀ lé e ṣe dé.

"Ìyá dà?" ló sọ. "Ẹ̀ẹ̀mejì rèé tí n ò gbóhùn wọn. Ní kí wọ́n fẹnu ara wọn ṣàdúrà fún mi síbẹ̀."

Sójà tó mú un wá ń padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà kan wà ní Ìbà tó ń ta ẹ̀fọ́, ìlú kan náà ni wọ́n ti wá pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, ohùn wọn jọra. Mo gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lọ bá wọn, mo rò ó fún wọn délẹ̀.

"Ìyàwó, ṣó o mọ ohun tó ò ń ṣe ṣá?"

"Kó bọ̀ láàyè ni mo fẹ́, Màmá."

Wọ́n ṣe é dáadáa. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀, wọ́n kì í, wọ́n ṣàdúrà débi pé omi bọ́ lójú èmi fúnra mi. Ìgbà tí mo ń rìn bọ̀ ní Ìyànà-Ìbà ló tó sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá ọkọ mi kì í pe orúkọ ọmọ wọn yìí. Lẹ́yìn tí bàbá ọkọ wọn kú ni wọ́n bí i, ilé sì gbà pé bàbá ló padà wá. Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ ẹ̀ lórúkọ. "Bàbá ọkọ mi" ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó wà lẹ́yìn wọn títí tó fi wọṣọ sójà. Mo dúró lójú ọ̀nà. Ǹ bá yí padà. Mo ní ta ló máa rántí ìyẹn níbi tí ìbọn ti ń dún. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì fún sójà náà.

Ó ju ọdún kan lọ kó tó dé. Ọ̀pá ló fi ń rìn, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ rí bí èèpo igi. Kò béèrè ìyá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú ikọ́ tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni, ló bá ní, "Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

Ìgbà tó ku àwa méjì ló sọ fún mi. Bó ṣe gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìyá òun ti lọ. Ṣùgbọ́n kò ráyè sunkún, nítorí gbogbo kòtò ti ń ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ìyá wa sí i." Bí bátìrì bá kú, wọn á kì í sí abẹ́ abíyá kó lè móoru. Ọ̀kan nínú wọn kì í jáde lọ pọnmi láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé kì í ṣe ìyá mi ni?" ló bi mí. "Mo jókòó sínú omi, mo ń ṣe àmín."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní ká má sọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ́ ẹ dákẹ́. Ta ló ní kó o lọ wá ohùn?"

Ká ní mo sọ òótọ́ fún un, àwọn tó ń fẹ̀yìn ti ara wọn sùn yẹn ìbá gbà á mọ́ra, ìbá sunkún ìyá ẹ̀ láàárín wọn. Èmi ni mo gba ẹkún yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó lọ sí Ìbà lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ní àdúrà wọn gbà. Kò bá mi jà. Ó ń fún mi lówó oúnjẹ, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, bí mo bá ní òjò ń bọ̀, á kọ́kọ́ mú ọ̀pá ẹ̀, á jáde lọ fojú ara ẹ̀ wojú ọ̀run kó tó gbà.