Bí Ìyá Kòtú Ṣe Rí Dókítà Ojú Tó Ń Gba Káàdì Ìjọba

Ìyá Kòtú ni wọ́n ń pè é, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlélógún rán aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tó bá rán kì í tú. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́sàn-án ló wà níbi iṣẹ́ wọn. Tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó fi òwú dúdú rán aṣọ búlúù tó ṣú. Lábẹ́ iná, àwọ̀ méjèèjì jọra. Mẹ́rìnlá ló ti rán tán kí ọ̀gá wọn tó gbé ọ̀kan síta sínú oòrùn. Ọ̀gá náà kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ìyá Kòtú ló kọ́ ọ níṣẹ́.

"Màmá, kí lẹ rí tí ẹ fi ní búlúù ni òwú yìí?"

"Búlúù náà ni mo rí."

"Ẹ ò ríran mọ́, Màmá."

"Mò ń ríran. Àwọn nǹkan ló ń kéré sí i."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò bá wọn rín in. "Tí ọjọ́ Ẹtì bá fi lọ tí ẹ ò tíì ní gíláàsì ojú, ìdí aṣọ kíká ni màá gbé yín lọ. Ẹlòmíràn á jókòó sídìí ẹ̀rọ yín. Ẹ má bínú sí mi."

Kò bínú. Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó tún wọn rán.

Ó ní káàdì adójútòfò ìlera tí ìjọba ṣe, èyí tó yẹ kó fi gba ìtọ́jú láìsanwó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi jù. Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú ò tilẹ̀ fọwọ́ kan káàdì náà. "Àwa ò gba èyí, Mà." Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n ní tàwọn ọmọdé nìkan làwọn ń gbà.

Lọ́jọ́rú, ó lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò fúnra rẹ̀. Orúkọ dókítà mẹ́ta ni wọ́n kọ fún un. Ọ̀kan ti kú. Ọ̀kan ti kó kúrò nílùú. Níbi tí ẹ̀kẹta wà tẹ́lẹ̀, táyà ni wọ́n ń tà.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbalé lọ. Ìyá Kòtú padà sí iwájú ọ́fíìsì náà, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Nǹkan tó jìnnà ò yọ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò rí. Ó rí obìnrin kan tó wọ gíláàsì búráùn, tó fẹ̀ létí, tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó rí irú rẹ̀ gan-an lójú ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ó tún rí i lójú ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu géètì òdìkejì. Ẹni tó ti ń rán aṣọ iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ ọ́n bó bá rí i: èèyàn kì í fowó ara rẹ̀ yan ohun kan náà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń pín in fún àwọn oníkáàdì.

Ó sọdá títì lọ bá ọlọ́dẹ náà. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Níbo lẹ ti gba gíláàsì yín?"

"Kí ló dé? Ṣé ó burú lójú mi ni?"

"Ó burú. Òun gan-an ni mò ń wá."

Ọlọ́dẹ rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ gíláàsì náà, ó ń nù ún. "Ohun tíyàwó mi sọ náà nìyẹn. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ yẹn, kí ẹ gun àtẹ̀gùn. Kò sí pátákó níbẹ̀. Bí ẹ bá ti débi tí àwọn arúgbó jókòó sí, ẹ ti dé nìyẹn."

"Irú àwọn arúgbó wo?"

"Irú tiwa."

Nígbà tó débẹ̀, èrò ti kún. Wọ́n ní kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ó ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin kúkurú tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó gba káàdì, ó sì ti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yẹ ìlà ìka èèyàn wò sún mọ́ ọn. Ìyá Kòtú fi àtàǹpàkò lé e. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó nu ọwọ́, ó tún fi lé e. Ẹ̀rọ tún kọ̀.

"Bí kò bá gba ìka yín, mi ò lè fún yín ní nǹkan kan," ni dókítà wí. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń rán."

Dókítà yí ọwọ́ náà padà. Abẹ́rẹ́ àti òwú ti fá orí àwọn ìka náà, wọ́n ń dán. "Ìka mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń ṣe káàdì?"

"Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá."

"Ẹ mú èyí tó kéré jù lọ́wọ́ òsì wá."

Ìka yẹn ò ṣiṣẹ́ kankan rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọ̀lẹ ti wúlò lónìí," ni Ìyá Kòtú wí.

Dókítà gbé gíláàsì kan lé e lójú, ó yọ ọ́, ó gbé òmíràn lé e. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, Ìyá Kòtú tẹ̀ síwájú. Ẹ̀wù funfun dókítà ló ń wò.

"Ta ló rán èyí fún yín?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti fẹ́ já lábíyá. Ẹ gbé e wá bá mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Dókítà fún Ìyá Kòtú ní gíláàsì búráùn tirẹ̀. "Ẹ sinmi díẹ̀ ná, Mà, kó mọ́ ojú yín lára."

"Aago mẹ́wàá ti kọjá, Dókítà. Wọ́n á ti máa wo àga mi."

Ó dúpẹ́, ó dìde. Torí pé gíláàsì náà gbé ilẹ̀ sókè lójú rẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ.